Dísíkẹ́ẹ̀tì Bọ̀ọ̀dá Làmídì Tí Mo Ní Mo Ti Kà Tán

Kọ̀ǹpútà kan wà lórí tábìlì ní yàrá mi tí mo fi ìró ìyá mi àtijọ́ bò. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí mi ò ti tan án. Àwọn aládùúgbò mi ní Ìlọ́bù níbí ń gbọ́ lórí rédíò pé gbogbo kọ̀ǹpútà ayé lè dojú rú lọ́jọ́ tí a bá wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun, wọ́n sì máa ń yọjú sí mi lójú fèrèsé pé, "Àǹtí, ṣé tiyín náà máa kú?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé tèmi ti ṣe ibi tó fẹ́ ṣe, kò dúró de ọdún kankan. Bí mo bá sì ní kọ̀ǹpútà ló ṣe é, irọ́ ni mo tún ń pa yẹn. Èmi ni mo ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ kí n sọ ọ́ fún yín.

Àwọn tó ń kọ irú ọ̀rọ̀ báyìí máa ń yí orúkọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ padà. Èmi ò ní yí orúkọ Bọ̀ọ̀dá Làmídì padà. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni mo bà jẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi orúkọ ẹlòmíràn tún un ṣe?

Ọmọ Ìlọ́bù ni bàbá mi, ọmọ Ìfọ́n ni ìyá mi. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa ti mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀nà tó wà láàárín ìlú méjèèjì kò jìn rárá, àmọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàárín wọn kí wọ́n tó bí àwọn tó bí mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí mo bá gba ipò kìíní nílé ìwé, àwọn ará ilé bàbá mi á ní ọmọ àwọn ni mí lóòótọ́. Bí mo bá fọ́ àwo, mo di ọmọ obìnrin Ìfọ́n. Tí mo bá dé Ìfọ́n, àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi á gbé oúnjẹ fún mi, wọ́n á gbé ẹran lé e, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá ti délẹ̀, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí mi. Bí mo ṣe di ẹni tó ń wọn gbogbo nǹkan nìyẹn. Bí mo bá lo ọjọ́ mẹ́ta níbí, màá lo mẹ́ta lọ́hùn-ún. Nígbà tí àwọn òbí mi méjèèjì kú, mo ṣì ń wọ̀n ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń bi mí mọ́. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, n kò lọ́kọ, ìyá mi kò sì bí ẹlòmíràn. Iṣẹ́ tẹ̀wétẹ̀wé ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Òṣogbo. Mà á wọ bọ́ọ̀sì lọ láàárọ̀, mà á wọ̀ ọ́ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mà á sì ti ilẹ̀kùn ilé bàbá mi mọ́ ara mi.

Nígbà tí ọ́fíìsì wa ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ lè mú èyí tó ti gbó. Mo mú ọ̀kan. Orí ẹsẹ̀ ni mo gbé e sí nínú bọ́ọ̀sì láti Òṣogbo, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ọmọ tuntun. Mo délé, mo tan án, kò tàn. Wọ́n wá júwe ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Ìfọ́n fún mi, wọ́n ní kò sí ohun tí kì í tú. Bí mo ṣe mọ Bọ̀ọ̀dá Làmídì nìyẹn. Ó lè fi ọdún méje jù mí lọ, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, tó máa ń fi pẹ́ńsù sí etí bíi káfíńtà. Kò rí inú kọ̀ǹpútà rí títí di ọjọ́ náà, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láìtijú. Ó tú u, ó wò ó títí, ó wá yọ páálí kékeré kan tó ní eyín wúrà létí. Ó fi ìréṣà tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń pa ìwé rẹ́ nu àwọn eyín náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dá a padà sáyè rẹ̀, ó ní kí n tan án. Ó tàn! Inú tèmi dùn, àmọ́ inú tirẹ̀ dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni mo ń lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òun náà ṣa àwókù jọ láti Òṣogbo, ó tò wọ́n pọ̀ di kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ẹ̀rọ tí kò ní páálí ẹ̀gbẹ́, tí gbogbo ìfun rẹ̀ wà níta. "Àbúrò" ló ń pè mí. Ìyá rẹ̀ máa ń bu ẹ̀pà sísè fún mi, ó sì máa ń bi mí pé kí ni èmi àti ọmọ òun ń wò nínú àpótí náà tí kì í rẹ̀ wá. Ẹ lè fẹ́ bi mí bóyá mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan fún mi, èmi náà ò sì sọ nǹkan kan fún un. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ọjọ́ títí yóò fi di Sátidé. Òun nìkan ni ẹni tí kò bi mí rí pé ìlú wo ni mo fẹ́ràn jù.

Díẹ̀díẹ̀, àwọn mìíràn tó ní kọ̀ǹpútà nílé dara pọ̀ mọ́ wa. Ẹni tí ẹ ní láti mọ̀ nínú wọn ni Tíṣà Gbádébọ̀, olùkọ́ ìṣirò ní Ìlọ́bù, tí àbúrò rẹ̀ fi ẹ̀rọ tuntun ránṣẹ́ sí láti òkè òkun. Nígbà tí a kà wá, ẹ̀rọ mẹ́ta wà ní Ìlọ́bù, mẹ́ta wà ní Ìfọ́n, láìka tèmi. Bọ̀ọ̀dá Làmídì ló rí i nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan pé àwọn kan lókè òkun tí wọn ò rí ara wọn rí ń pín ìṣirò ńlá kan ṣe. Kọ̀ǹpútà kálukú á ṣe ìwọ̀nba tirẹ̀, wọ́n á sì fi wáyà tẹlifóònù kó ìdáhùn jọ sí ojú kan. Mo ní àwa kò ní tẹlifóònù. Ó ní, "Àbúrò, àwa ní bọ́ọ̀sì." Ohun tó ní lọ́kàn ni pé kí a máa kó iṣẹ́ náà sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, kí a máa fi rán awakọ̀.

Bí ìdíje náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ tí a yàn ni pé kí a wá àwọn nọ́ńbà tí kò gbà kí á pín wọn dọ́gba, irú bíi méje àti mọ́kànlá, àmọ́ àwọn ńláńlá ni a fẹ́. Bọ̀ọ̀dá Làmídì ń pè wọ́n ní nọ́ńbà olóríkunkun. A máa gé nọ́ńbà lọ́ bẹẹrẹ tó tò tẹ̀léra sí ìdì ìdì, bí a ṣe ń pín ebè fún àwọn tó ń roko, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan á sì sọ iye olóríkunkun tó rí nínú ìdì tirẹ̀. Ìlú tó bá ṣe púpọ̀ jù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló borí. Ta ni yóò wá ṣe adájọ́ láàárín Ìlọ́bù àti Ìfọ́n? Gbogbo wọn wò mí. Wọ́n ní èmi ni mo jẹ́ ti méjèèjì. Ohun tó ti ń dá mi lóró láti kékeré di ohun tí wọ́n fi yẹ́ mi sí, orí mi sì wú. Mo ní ẹ̀rọ tèmi kò ní bá wọn díje, iṣẹ́ adájọ́ nìkan ni yóò ṣe.

Kò tíì sí ẹni tó gbé ìdíje kalẹ̀ tó fara balẹ̀ bíi tèmi. Ẹ̀rọ Tíṣà Gbádébọ̀ lè ṣe iṣẹ́ tí ti Bọ̀ọ̀dá Làmídì ń ṣe ní ìlọ́po mẹ́rin, nítorí náà mo mú ìdì kan ṣoṣo kiri ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo fi aago ọwọ́ mi wo iye wákàtí tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fi ṣe é, mo sì fi ìyẹn ṣírò máàkì fún wọn, kí ẹ̀rọ arúgbó má baà jìyà ọjọ́ orí rẹ̀. Ti iná ńkọ́? Iná Ìlọ́bù kì í dé lákòókò kan náà pẹ̀lú ti Ìfọ́n. Mo ní kí kálukú máa kọ wákàtí tí iná fi wà sínú ìwé, kí aládùúgbò rẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má lo jẹnẹrétọ̀. Gbogbo dísíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń fi sínú àpòòwé, tí wọ́n ń kán àbẹ́là lé ẹnu rẹ̀. Mo tún ní mà á fi ìdì àdánwò mẹ́ta mẹ́ta, tí èmi náà máa ṣe fúnra mi, pamọ́ sáàárín iṣẹ́ kálukú láìjẹ́ kó mọ èyí tó jẹ́. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tèmi nínú méjì, á jẹ́ pé kò ṣe iṣẹ́ náà, ó kàn kọ ohun tó wù ú síbẹ̀ ni, a ó sì da gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ nù. Wọ́n gbà. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má kọ ohun mìíràn sínú dísíkẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ìdáhùn, pé bí mo bá rí i, mi ò ní ṣí i. Ìyẹn náà, wọ́n gbà á.

Òfin tó dùn mọ́ mi nínú jù ni èyí tó gbẹ̀yìn. Láti ọjọ́ tí ìdíje bá ti bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ èsì, olùdíje kankan kò gbọdọ̀ wọ ilé mi, èmi náà kò sì gbọdọ̀ lọ sí ilé wọn. Ṣé ẹ rí i? Èmi tí mi ò ní ju ibì kan lọ láyé, mo fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn ibẹ̀.

Ọjọ́ tí Bọ̀ọ̀dá Làmídì wá sílé mi kẹ́yìn, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà mi, ó tẹ́tí sí i bí dókítà. Ó ní fáànù inú rẹ̀ ń kérora, eruku ti jẹ ẹ́, kí n jẹ́ kí òun wá tú u ní Sátidé. Mo ní Sátidé ni ìdíje máa bẹ̀rẹ̀. Ó ní kò ní gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká parí ìdíje ná. Wọ́n á ní mò ń gbà yín sílé." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, adájọ́, ó sì lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn ìdì àdánwò náà. Ti Ìlọ́bù ni mo kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà mo ṣe ti Ìfọ́n, mo sì fi ti Bọ̀ọ̀dá Làmídì ṣe ìkẹyìn pátápátá, nítorí pé òun ni ọ̀rẹ́ mi, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ́nà kankan. Oòrùn oṣù kẹta ń jó wa nígbà náà, òrùlé páànù ń dún, ẹ̀rọ mi sì ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Nígbà tí mo ń ṣe ti Bọ̀ọ̀dá Làmídì lọ́wọ́, mo ṣàkíyèsí pé fáànù náà kò kérora mọ́. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ rọ́rọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo rò pé ara rẹ̀ ti yá.

Nígbà tí ìdíje dé ìdajì, iye ìdì tí kálukú ń kọ sẹ́yìn àpòòwé fi hàn pé Ìfọ́n ń lé iwájú, Bọ̀ọ̀dá Làmídì ló sì fà á. Ìwé iná rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú, ìmáàmù àdúgbò rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí i. Àwọn ará Ìfọ́n tí kò mọ kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí tẹlifíṣọ̀n ń kí i lójú ọ̀nà pé ó kú iṣẹ́ ìlú. Ní Ìlọ́bù, Tíṣà Gbádébọ̀ pàdé mi níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, ó ní Ìfọ́n ń lọ níwájú o, ọmọ Ìfọ́n ló sì ń ka èsì. Ẹ̀fẹ̀ ni. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, àwọn tó dúró tì wá náà sì rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè jẹun ní ọjọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni mo ṣí gbogbo ìdáhùn láti fi wé tèmi. Ti àwọn yòókù bára mu. Mo kan ti Bọ̀ọ̀dá Làmídì. Ọ̀kan bára mu, ọ̀kan fi méjì dín sí tèmi, ọ̀kan fi márùn-ún lé. Ohun tó yẹ kí n ṣe rọrùn: kí n tún ìdì méjèèjì ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Àmọ́ mo bi ara mi léèrè pé ká ní Tíṣà Gbádébọ̀ ni, ṣé mà á tún un ṣe fún un? Mo ní rárá. Mo ní nítorí náà, mi ò gbọdọ̀ tún un ṣe fún ọ̀rẹ́ mi. Mo pe ìyẹn ní òdodo! Nínú dísíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó kẹ́yìn, mo rí ohun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìdáhùn, lẹ́tà kan tó fún ní orúkọ "Àbúrò". Mo wò ó títí. Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ni, pé ó ti mọ̀ pé ọwọ́ mi tẹ òun. Inú sì bí mi sí i gidigidi, pé ó fẹ́ fi mí sí irú ipò bẹ́ẹ̀. Mo tẹ̀lé òfin mi. Mi ò ṣí i.

Kíláàsì kan nílé ìwé ní Ìfọ́n ni a ti pàdé ní ọ̀sán Sátidé. Ènìyàn mọ́kànlá ló wá, àwọn olùdíje àti àwọn tó bá wọn wá. Mo dúró níwájú pátákó, mo ka èsì. Mo ní ìdáhùn Bọ̀ọ̀dá Làmídì méjì kò bá tèmi mu, nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí òfin, ó kọ iṣẹ́ tí kò ṣe, a da tirẹ̀ nù, Ìlọ́bù ló borí. Bọ̀ọ̀dá Làmídì dìde ní ẹ̀yìn. Ó wò mí bí ẹni tó ń dúró kí n rántí nǹkan. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Adájọ́, ṣé ẹ ti ka gbogbo ohun tó wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì mi?"

"Ẹ" ló pè mí, òun tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, tí kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo rò ó pé bí mo bá ní ó ku ohun kan tí mi ò kà, wọ́n á ní adájọ́ yìí kò ka ìwé tán kó tó dájọ́. Wọ́n á bi mí pé kí ni nǹkan náà. Wọ́n á ní lẹ́tà wo ló wà láàárín èmi àti ọkùnrin Ìfọ́n yìí.

Mo ní, "Mo ti ka gbogbo rẹ̀ tán."

Irọ́ ni. Irọ́ tí mo pa nìyẹn, níwájú ènìyàn mọ́kànlá, fún ẹni tó fi ìréṣà nu eyín ẹ̀rọ mi. Ó mi orí, ó dé fìlà rẹ̀, ó ní ó dáa, ó sì jáde. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ títí tí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́.

Àwọn ará Ìlọ́bù fi í rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì gbàgbé. Àwọn ará Ìfọ́n ni kò gbàgbé, nítorí wọ́n ní òun ló dójú tì wọ́n níwájú Ìlọ́bù. Wọ́n ní ẹni tó lè kọ ìṣirò tí kò ṣe, kí ni kò ní yọ nínú rédíò ènìyàn? Wọ́n dẹ́kun gbígbé rédíò lọ fún un. Èmi ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ lẹ́nu àwọn ẹbí ìyá mi, mo sì ń sọ fún ara mi pé òun ló fọwọ́ fà á. Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ wa tú ká, kálukú padà sí ìlú rẹ̀. Sátidé wá gùn bí ọ̀sẹ̀ odidi.

Ọdún yí po, kọ̀ǹpútà mi kú. Mo gbé e lọ fún ẹnì kan ní Òṣogbo. Ó tú u níwájú mi, ó sì pe àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ láti wá wò ó: fáànù náà ti dì pa pẹ̀lú eruku àti òwú aláǹtakùn. Ó ní, "Àǹtí, ó ti pẹ́ tí ẹ̀rọ yín ti ń se ara rẹ̀ jinná o. Nígbà tó gbóná báyìí, ohun tó bá wù ú ló ń kà." Ó fi fáànù mìíràn sí i, mo gbé e wálé, mo sì kó ìdì méjèèjì ti Bọ̀ọ̀dá Làmídì fún un láti tún ṣe. Ó gbà á ní òpin ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdáhùn méjèèjì ló jáde gẹ́gẹ́ bí Bọ̀ọ̀dá Làmídì ṣe kọ ọ́, kò fi ẹyọ kan yàtọ̀.

Ìgbà yẹn ni mo wá ṣí lẹ́tà náà. Kò gùn. Ó ní, "Àbúrò, mo mọ̀ pé o ní ká má kọ nǹkan mìíràn. Fáànù rẹ kò kúrò lọ́kàn mi. Bí kò bá dún mọ́, ó ti kú nìyẹn, ìṣirò rẹ lè máa ṣì. Jọ̀ọ́, tún àwọn ìdì àdánwò ṣe lórí ẹ̀rọ mìíràn kí o tó dájọ́, ìbáà jẹ́ ti Tíṣà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà fi ọ́ ṣẹ̀sín." Mo kà á, mo tún un kà. Mo sunkún débi pé aládùúgbò mi kan ilẹ̀kùn. Ẹ tiẹ̀ gbọ́ mi! Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Èmi ló ń gbà là. Nígbà tí mo sì dúró níwájú pátákó tí mo ní mo ti ka gbogbo rẹ̀ tán, ohun tó gbọ́ ni pé mo mọ̀ pé ẹ̀rọ mi ti bàjẹ́, tí mo sì pè é ní elérú síbẹ̀. Ó lè pariwo rẹ̀ níbẹ̀. Ó pa á mọ́ra, nítorí ó ti ní òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Ìfọ́n. Àgádágodo wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ó ti dípẹtà. Mo lọ bá ìyá rẹ̀ nílé, mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, níbo lo wọlé sí?" Ó ní ọmọ òun ti lọ sí Mínà, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, iṣẹ́ ló ń bá wọn ṣe nínú ìsọ̀ ẹlòmíràn. Kí n tó la ẹnu, ó fa bébà kan yọ lábẹ́ ẹní, ó ní lẹ́tà rẹ̀ nìyẹn, awakọ̀ kan ló mú un wá, òun kò tíì rí ẹni kà á fún òun. Mo kà á fún un. Ó kí ìyá rẹ̀, ó kí ìmáàmù, ó kí àwọn ará ilé ní orúkọ orúkọ, títí dé orí ewúrẹ́ wọn. Mò ń kà, mò ń wá orúkọ mi. Kò sí níbẹ̀. Ìyá ní kí n bá òun kọ èsì. Mo kọ gbogbo ohun tó sọ, ààyè díẹ̀ sì ṣẹ́ kù nísàlẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ láìsọ fún un pé: "Bọ̀ọ̀dá, mi ò ka lẹ́tà yín lọ́jọ́ náà. Irọ́ ni mo pa. Ìdáhùn yín tọ̀nà."

Oṣù kan ni mo fi dúró. Mo padà lọ, lẹ́tà tuntun ti dé, ìyá sì ti fi pamọ́ dè mí. Mò ń ka ìkíni sókè bí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀, mo sì dé ìlà tó kẹ́yìn kí n tó mọ ohun tó jẹ́: "Kí ẹni tó ń bá yín kọ lẹ́tà lọ sọ ohun tó sọ fún mi yìí níbi tó ti sọ ti àkọ́kọ́." Ẹnu ara mi ni mo fi kà á. Ìyá bi mí pé kí ni ìyẹn. Kò sí ibi tí mo lè sá sí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, fáànù, òfin, kíláàsì, irọ́, bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìdì, àmọ́ ó mọ ohun tó ń jẹ́ irọ́. Kò bú mi.

"Èmi ni o kọ́kọ́ sọ ọ́ fún?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó ku àwọn tó gbọ́ ti ìṣáájú," ni ó wí, ó sì na ọwọ́ kí n dá lẹ́tà òun padà.

Láti ìgbà náà ni mo ti da ìró bo kọ̀ǹpútà yẹn. Oṣù mẹ́ta nìyí. Ṣé ẹ mọ ohun tó dá mi dúró? Mò ń rò ó bóyá Ìlọ́bù ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ tàbí Ìfọ́n. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti Ìlọ́bù, àwọn ará Ìfọ́n á ní wọ́n tún fi àwọn sẹ́yìn. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti Ìfọ́n, Tíṣà Gbádébọ̀ á ní mo lọ gba ipò kìíní lọ́wọ́ wọn fún àwọn ará ilé ìyá mi. Mo tún ti ń wọ̀n ọ́n! Ìlú méjèèjì ni mo ń wọ̀n láti kékeré, mi ò sì mọ̀ pé ẹnì kan ló dúró sí àárín wọn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbé ìdíje kalẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù pé wọ́n á ní ẹ ṣe ojúsàájú mú yín fi ìyà jẹ ẹni tó sún mọ́ yín jù. Ojúsàájú náà nìyẹn, ó kàn kọjú sí ibòmíràn ni.

Lánàá mo lọ sí ilé Tíṣà Gbádébọ̀. Mo sọ ọ́ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Mo dé ilé mẹ́ta mìíràn, méjì níbí, ọ̀kan ní Ìfọ́n. Ènìyàn mẹ́rin nìyẹn. Àwọn kan nínú àwọn mẹ́fà tó kù, láìka Bọ̀ọ̀dá Làmídì fúnra rẹ̀, ti kúrò nílùú, mi ò mọ ibi tí wọ́n wà, bóyá ọ̀kan nínú wọn ló ń ka ìwé yìí lọ́wọ́. Bí ìwọ bá ni, tí o jókòó sí kíláàsì náà lọ́jọ́ náà, gbọ́ ọ lẹ́nu mi: Bọ̀ọ̀dá Làmídì ṣe iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ̀rọ adájọ́ ló ṣì í, adájọ́ ló sì parọ́. O mọ orúkọ mi. Mo ṣì ń bẹ̀rù àtikọ ọ́ síbí, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, sọ ọ́ fún un.